Ta Ni À Ń Tún Ilé Ṣe Fún?

Ní ọjọ́ kejì ọdún Iléyá, ní 2024, àwọn ẹbí wa pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ilémọnà láti jíròrò lórí bí a ó ṣe tún ilé Bàbá Àgbà ṣe. Àgbà ọkùnrin mẹ́fà ló jókòó lórí àga. Bàbá Èkó, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yọ fóònù wọn jáde, wọ́n sì fi àwòrán ilé kan han gbogbo àwọn tó jókòó. Ilé funfun ni, ó ní òpó ńlá mẹ́rin níwájú, géètì dúdú, àti dígí ní gbogbo fèrèsé. Fóònù náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, kálukú ń mi orí. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti ń gbé inú ilé náà láti ìgbà tí a ti gbé wọn níyàwó wọlé, jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Fóònù kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi tí mò ń gbé omi fún àwọn àgbà mu ni mo kíyè sí i.

Fóònù tí kò dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà yẹn ló fà á tí mo fi ń kọ àròkọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ọ̀pọ̀ ilé tí à ń tún ṣe ní ìlú wa, a kì í tún wọn ṣe fún ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Àlejò ọjọ́ mẹ́ta ni à ń tún un ṣe fún, tàbí òkú tí a fẹ́ sin, tàbí ẹni tó máa gba iwájú ilé kọjá nínú mọ́tò tí yóò sì béèrè pé, "Ta ló ni ilé yìí?" Mo sọ pé àṣà tí kò dára ni. Mo sì sọ pé òun gan-an ló ń jẹ́ kí owó tán kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, tí ògiri fi ń ya, tí àwọn arúgbó wa fi ń ṣubú lóru.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ bí wọ́n bá kà á dé ibí. Wọn yóò ní, kí ni ọmọ SS2 mọ̀ nípa ilé? Àwọn àgbà náà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Mo gbà pé ọwọ́ mi kò tó pẹpẹ. N kò ní owó, n kò sì mọ bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bá Ìyá Àgbà sùn nínú yàrá kan náà láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì. Mo mọ ibi tí òjò ti ń jò sí wa lára. Mo mọ iye ìgbà tí wọ́n ń dìde lóru, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ta ògiri jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá ń lọ. Inú ilé yẹn ni kèrègbè, ọwọ́ mi sì wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ilé náà, nítorí ó jọ ilé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Yàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá láti iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Ìyá Àgbà ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n da omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ ẹbí fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi mọ́. Ìpele ìpele ni wọ́n mọ ọ́n. Wọn a mọ ọ̀kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Mo fi téèpù wọn ògiri náà: ínǹṣì 16 ni ó nípọn. Ẹ lọ wọn ògiri búlọ́ọ̀kù ilé yín wò, ẹ ó rí i pé kò tó ìyẹn. Ìdí nìyí tí yàrá wa fi ń tutù lọ́sàn-án oṣù kẹta, nígbà tí àwọn aládùúgbò wa tó ní ilé búlọ́ọ̀kù ń gbé ẹní jáde sí abẹ́ igi.

Ilé náà ní àrùn o. N kò ní purọ́. Páánù rẹ̀ ti dípẹtà, ó ń jò ní yàrá méjì àti lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà iná tí wọ́n fà ní ọjọ́ tó ti pẹ́ ti já ní ibi púpọ̀, wọ́n fi téèpù dúdú so ó. Ilé ìdáná kò ní ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ṣáláńgá wà ní òpin ẹ̀yìnkùlé, ìṣísẹ̀ 43 ni láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kò sì sí iná lójú ọ̀nà náà. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo àrùn ilé náà, ẹ̀yìn ló wà, òkè ló wà, inú ló wà. Kò sí ọ̀kankan níwájú. Iwájú ni wọ́n sì fẹ́ gbé gbogbo owó sí.

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ ìpàdé yẹn, wọ́n ti sọ ilé wa lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Wọ́n ti ń pè é ní "máńṣọ̀n". Kò sí ẹni tó dìde wọ yàrá kankan. Kò sí ẹni tó gbé ojú sókè wo àjà. Bàbá mi, tí wọn kò tún ilé ṣe rí láyé wọn, ni wọ́n fi ṣe alábòójútó iṣẹ́, nítorí pé àwọn ló ń gbé nílé. Ohun tí wọ́n fi ṣírò owó ni ìwé kan tí ọ̀rẹ́ wọn ti fi ṣe tirẹ̀ ní 2022. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó sìmẹ́ǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí ariwo sọ káàkiri Nàìjíríà, tí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí ìpàdé. Ẹni tó bá fi owó 2022 ra ọjà 2024, ibi tí yóò dúró sí kò ní jìnnà.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tilẹ̀ dá a lábàá pé kí a kúkú gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, kí ilé náà lè ga ju ti àwọn ará òdìkejì. Lórí ògiri amọ̀! Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé rárá kíákíá. Ohun tó dùn mí nìyẹn, nítorí orílẹ̀-èdè wa ti rí ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún ti Èkó (kì í ṣe Ìkọ̀tún tiwa tó wà nítòsí ibí o), ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Àlejò láti South Africa ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ń fi àjà kún ilé náà lọ́wọ́ nígbà tó wó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, òmíràn tún wó ní Ìta Fáàjì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kú níbẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ìpìlẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ́ ọ láti gbé ni yóò gbé. Bí a bá fẹ́ fi kún ẹrù náà, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó wá wò ó, kí a sì gba ìwé àṣẹ. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa wà nínú Ilémọnà níbí, ẹsẹ̀ lásán la fi ń dé ibẹ̀. Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ọ̀fà láti 1992. Àwa kò lọ béèrè ní ibì kankan nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni òpó mẹ́rin. Lẹ́yìn òpó, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri iwájú láti òkè dé ilẹ̀, ó ń dán bí àwo. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí bàbá mi kú iṣẹ́. Inú bàbá mi dùn, inú tèmi náà dùn díẹ̀, kí n sọ òótọ́. Mo ya àwòrán níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Kò pé oṣù méjì. Òjò oṣù kẹsàn-án dé, sìmẹ́ǹtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí búrẹ́dì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jábọ́ ní abala ńlá kan, ó sì gbé amọ̀ tó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ dání láti ara ògiri. Bíríkìlà ní ayé ló ṣe wá. Kì í ṣe ayé rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Pólì, tó jẹ́ ọmọ àdúgbò wa, ló là á yé mi. Amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u sílẹ̀ padà. Bó ṣe ń fa omi ló ń wú díẹ̀, bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì. Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gbágbá ló dúró sí. Bí òjò bá ti orí páánù tó ń jò wọ inú ògiri, ojú ibi tó yẹ kí omi gbà jáde ni wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dí. Omi há sáàárín, amọ̀ rọ̀, abala náà jábọ́. Ẹ wá wò ó: páánù tí wọ́n kọ̀ láti tún ṣe nítorí pé kò sí ẹni tó ń rí i láti títì, òun ló ba iwájú tí gbogbo ayé ń rí jẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ògiri kọ́ ló dùn mí jù. Wọ́n da yanrìn àti búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù sí ẹ̀yìnkùlé, sójú ọ̀nà ṣáláńgá gan-an, nítorí wọn kò fẹ́ kí iwájú dọ̀tí. Ní òru ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà dìde. Wọn kò jí mi, wọ́n ní mo ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì. Igbe wọn ni mo gbọ́. Nígbà tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì débẹ̀, wọ́n ti wà nílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù, wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mú. Eegun ọrùn ọwọ́ ló dá. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀fà, wọ́n di ọwọ́ náà ní funfun títí dé ìgúnpá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìyá Àgbà tó ń gún iyán fún ènìyàn mẹ́wàá kò lè fọ ojú ara wọn. Èmi ni mò ń bá wọn so ìró. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí mo bá ń so ó, wọn a kàn máa wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Bàbá Èkó pè lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí Ìyá Àgbà, tí wọ́n sì ti fi owó ìwòsàn ránṣẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn dúró o. Ó gbọ́dọ̀ parí kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé, mò ń kó àwọn ọ̀rẹ́ mi bọ̀." Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kígbe.

Èmi kò sọ pé ènìyàn burúkú ni Bàbá Èkó. Kí ẹnikẹ́ni má kà mí sí aláìmoore. Àwọn ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Bí kì í bá ṣe àwọn, bóyá ilé náà ìbá ti wó pátápátá. Mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí ilé náà sọ fún gbogbo ìlú pé Bàbá Àgbà bímọ, pé àwọn ọmọ náà kò sọnù sí Èkó. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bí wọn ṣì wà láàyè, ó ń gbé inú ilé náà, ó sì ń fi ọwọ́ kan jẹun. Bí ilé yóò bá sọ ohunkóhun fún ìlú, ṣé kò yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyẹn?

Àwọn kan a tún máa sọ pé ilé amọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìtìjú, pé kí a wó o, kí a kọ́ tuntun. Ní kíláàsì wa, bí olùkọ́ bá ní kí a ya ilé, kò sí ẹni tó ń ya ilé amọ̀, àfi bí ó bá fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Mo ń bi yín, ta ló kọ́ wa ní ìtìjú yìí? Ní abúlé Gando ní Burkina Faso, ọmọ abúlé kan tó ń jẹ́ Diébédo Francis Kéré lọ kẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà ní Jámánì. Nígbà tó máa kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, amọ̀ ilẹ̀ wọn ló lò. Ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Ó gbé páánù sókè réré kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè gba àárín méjèèjì kọjá, kí ooru páánù má bàa sọ̀kalẹ̀ sórí àwọn ọmọ. Ó sì jẹ́ kí páánù náà yọ jáde kọjá ògiri kí òjò má bàa kan amọ̀. Àwọn ará abúlé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló bá a kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà parí ní 2001. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan lórí rẹ̀ ní 2004. Ní 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé ní gbogbo àgbáyé kà sí èyí tó ga jù lọ. Ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á nìyẹn. Àwọn ará Djenné ní Mali ńkọ́? Amọ̀ ni mọ́sálásí ńlá wọn, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni wọ́n kọ́ ní 1907. Lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde wá rẹ́ ẹ ní amọ̀ tuntun, àwọn ọmọdé ń po amọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń gun igi tó yọ láti ara ògiri lọ sókè. Ọdún ńlá ni wọ́n fi ń ṣe. Wọn kò fi sìmẹ́ǹtì dí i.

Àwa ńkọ́? Ní Èkó, ilé kan wà ní Tinubu Square tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Àwọn Àgùdà ló kọ́ irú rẹ̀, láti 1855 ló ti wà. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi katakata wó o palẹ̀. Ilé tó ti lo ọdún 161! Ohun tó wà nídìí ìyẹn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò yàtọ̀ síra lójú tèmi. A kì í wo ohun tí a ní kí a tó máa wá ohun tí a rí nínú fóònù.

Mo ti ń bínú jù, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Ní àkókò tí ọwọ́ Ìyá Àgbà wà nínú ìdì, mo mú ìwé eré-ìdárayá tuntun kan (ìwé ìṣirò tí mo fẹ́ lò ní táàmù kejì ni, màmá mi kò tíì mọ̀), mo mú rúlà, mo yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn yí ilé ká, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún mi." Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni yóò tún un ṣe?" Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọ̀sán ọjọ́ kan ni a fi rìn yí ilé yàrá mẹ́jọ ká, n kò sì mọ̀ pé mi ò tíì mọ ilé náà. Wọ́n fi hàn mí pé láti ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì ti máa ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni páánù ti kọ́kọ́ ń ṣí, pé bí a bá kan ẹ̀gbẹ́ yẹn dáadáa, ìdajì ìṣòro ti tán. Wọ́n fi hàn mí pé fèrèsé yàrá wọn kò ṣeé ṣí mọ́ láti ìgbà tí a ti fi ògiri ọgbà tuntun dí iwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá sí ẹ̀yìn ilé, nítorí omi tó ń dúró sí ẹsẹ̀ ògiri ló ń jẹ amọ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ilé ìyàgbẹ́ tó so mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ àwọn má kan ilẹ̀ ìta lóru mọ́. Mo wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé kànga, nítorí a kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé kòtò ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò tó. Ti ẹ̀gbẹ́ òsì tó, ó tilẹ̀ lé. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè nípa táìlì dídán tí Bàbá Èkó fẹ́ tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Èyí tí omi bá dà sí tí ń yọ̀ yẹn? Kí wọ́n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ aláǹgbá."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn kò dárúkọ òpó lẹ́ẹ̀kan.

Ní yàrá kan tí wọ́n kan àjà sí láyé ọjọ́un, wọ́n ní bíríkìlà ti sọ pé òun yóò fi ayùn gé àwọn síìtì náà kúrò. Síìtì ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni, irú èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú gègé pupa, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ènìyàn ti fà á símú tó sì ti gbàgbé. A kì í fi ayùn gé e, a kì í fọ́ ọ. Bí kò bá bàjẹ́, kí a fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí yóò bá kúrò, kí a fi omi rin ín, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé e kúrò lódidi, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ lọ gbójú sókè wo àjà ilé yín.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣírò. Mo lọ bá àwọn tó ń ta páánù, mo béèrè iye tí báńdù kan jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe iye tó jẹ́ ní 2022. Mo béèrè iye àpò sìmẹ́ǹtì. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé nọ́ńbà wà lára àpò, 32.5 tàbí 42.5, pé èyí àkọ́kọ́ dára fún rírẹ́ ògiri, èkejì ni a fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù àti òpó. Bíríkìlà wa kò bìkítà, èyí tó bá rí ló ń pò. Mo kó gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: òrùlé, ojú àgbàrá, ilé ìyàgbẹ́, wáyà iná, ihò èéfín, ìrẹ́lé. Mo fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Mo to wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, kí ohun tó wà lókè ṣáájú ohun tó wà nísàlẹ̀, nítorí kò sí ọgbọ́n nínú kí a kun ilé tó ń jò. Nígbà tí mo fi gbogbo rẹ̀ wé ohun tí wọ́n ti ná sórí òpó mẹ́rin, géètì àti ògiri iwájú, orí mi gbóná. Owó òpó nìkan tó ra páánù fún ìdajì ilé, kí ó sì ku owó káfíńtà. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ máa ń bi wá pé bí ọkùnrin mẹ́ta bá gbẹ́ kòtò ní ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ mélòó ni ọkùnrin mẹ́fà yóò fi gbẹ́ ẹ. Ẹ fún wa ní téèpù, kí ẹ ní kí a lọ wọn ilé ìyá wa.

Ó gba ọjọ́ márùn-ún kí n tó lè fi ìwé náà han bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò rò pé mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n kà á lórí ìdúró. Wọ́n jókòó, wọ́n tún un kà. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ ti ìjì ìlà-oòrùn yẹn fún mi. Mo ní Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ní, "Ọdún tí mo ti ń gbé inú ilé yìí tó 50. Wọn kò sọ ọ́ fún mi rí." Mo fẹ́ dáhùn pé ẹ̀yin náà kò béèrè, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí, mo dákẹ́.

Wọ́n pe Bàbá Èkó ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tan ohùn fóònù sókè, wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á láti orí òrùlé dé orí ihò èéfín. Nígbà tí mo dé ibi aláǹgbá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín ní Èkó lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà, wọn kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ gbé fóònù fún Màmá." Fóònù dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ òsì gbà á. Wọ́n lọ sínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Títí di òní, n kò mọ ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ.

Páánù tuntun dé ní oṣù kọkànlá. Bàbá Èkó ṣì ń sọ̀rọ̀ táìlì, wọn kò tíì jáwọ́, àríyànjiyàn náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ilé ìyàgbẹ́ ti dé orí fèrèsé, apá òsì ni. Ògiri iwájú ṣì rí bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná ṣe, nítorí a fẹ́ kí amọ̀ gbẹ dáadáa kí a tó fi amọ̀ rẹ́ ẹ padà. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n gbé dání. Ìyá Àgbà ti so okùn mọ́ méjì nínú wọn, wọ́n ń sá aṣọ sí i.